Ọdún Tí Mọ́mì Yan Fílítà

Ní fúláàtì tí mo gbé dàgbà ní Al Muteena, ní ìlú àwọn Lárúbáwá, a kì í jí lẹ́ẹ̀kan náà. Oníkálukú ló ń jí ní àkókò tirẹ̀, ariwo tó bá sì ṣe ni a fi ń mọ̀ pé òun ni. Àwọn ọkùnrin tó ń sùn ní pálọ̀, tí wọ́n fi kọ́tìnì pín bẹ́ẹ̀dì wọn níyà, ni wọ́n máa ń ṣáájú. Sílípáàsì wọn á máa wọ́ nílẹ̀ títí dé ilé ìwẹ̀, omi á sì máa já sínú báàkẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìpè àdúrà láti mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìn ilé. Lẹ́yìn ìpè ni ìkòkò Mọ́mì. Ìyá mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ìdérí ìkòkò jẹ́jẹ́. Tó bá ti gbé e, gbogbo ilé ló gbọ́, àlùbọ́sà á sì ti máa ta sánsán kí n tó lajú. Ohùn tó máa ń kẹ́yìn ni ti ọkọ̀ wa nísàlẹ̀. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, tí Mọ́mì bá yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì náà kì í jí bí ti àwọn yòókù. Á kọ́kọ́ pariwo kà-kà-kà-kà, bí ìgbà tí èèyàn da ṣíbí sínú agolo tó wá ń mì ín, lẹ́yìn náà ni á rọlẹ̀, á sì máa dún wùù bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é rí. Èmi rò pé bí ọkọ̀ ṣe ń jí nìyẹn. Ọmọdé ni mí, ohun tí mo bá bá nílé ni mo kà sí bí ayé ṣe rí.

Ọdún tí Dádì ò sí nílé ni. Aṣọ àti bàtà ọmọdé ni bàbá mi ń rà ní Deira tó ń kó ránṣẹ́ sí Èkó. Lọ́dún yẹn wọ́n dá kọ̀ǹténà rẹ̀ dúró ní pọ́ọ̀tù, ó sì bá a lọ sílé láti lọ gbà á sílẹ̀. Ó ní òun ò ní pẹ́. Ó pẹ́. A máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù, ohùn náà á sì máa dún bí ẹni tó wà nínú àmù, káàdì ìpè á tán kó tó sọ ìgbà tó ń bọ̀. Yàrá kan tí à ń gbé nínú fúláàtì yẹn ló fi sílẹ̀ fún wa, àti ọkọ̀ Japan funfun kan tó ti lo ọjọ́ púpọ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíì kó tó dé ọwọ́ wa. Mọ́mì bẹ̀rẹ̀ sí í se oúnjẹ tà. Ìrẹsì, ẹ̀wà rírò, ọbẹ̀ ilá tó kún fún ẹja gbígbẹ. Á dì í sínú ike, á kó o sí bùùtù, á gbé e lọ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣiṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì lágbègbè Al Rigga, á tún wà á dé Muwaileh ní Sharjah fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí oúnjẹ ibẹ̀ ò bá lára mu. Metro, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú, ò tíì sí nígbà yẹn. Tí ọkọ̀ ò bá lọ, oúnjẹ ò lọ.

Nítorí èmi ni Ìyá àgbà ṣe wá. Ìyá tó bí Dádì ni. Wọ́n gba visit visa fún un kó lè máa wà nílé tí mo bá ti ilé ìwé dé. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó dúdú, ó sì ti fi ẹ̀rọ ìlọta tọ́ gbogbo ọmọ rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, débi pé tó bá ń sọ̀rọ̀, á máa pariwo bí ẹni pé ẹ̀rọ náà ṣì ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò bá Mọ́mì jà. Ohun tó ń ṣe kò ṣeé pè ní ìjà. Á tọ́ ọbẹ̀ wò, á ní, “Ó dùn o. Iyọ̀ rẹ̀ ló kàn ń tijú.” Á tún dá dúró sójú fèrèsé, á máa wo bí Mọ́mì ṣe ń kó ike sínú ọkọ̀, á wá bi mí, “Àbẹ̀kẹ́, ìyàwó ilé tó bá ń jáde láàárọ̀ tó ń wọlé nírọ̀lẹ́, ta ni ilé wá ń gbé?” Mọ́mì kì í dá a lóhùn ju “Ẹ ṣé, mà” lọ. Ní báyìí tí èmi náà ti ní ìyá ọkọ, mo mọ iye ọ̀rọ̀ tó ń wọ inú “Ẹ ṣé, mà” yẹn.

Nígbà tí òtútù dé, ariwo ọkọ̀ náà gùn sí i. Ó tó kí èèyàn sọ ọ̀rọ̀ kan parí kó tó dákẹ́. Mọ́mì gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó wà nítòsí ilé. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó fi àkísà nu ọwọ́. “Madam, engine khalas,” ló wí. Ẹ́ńjìnnì ti tán ló ń sọ. Ó ní kó ra ẹ́ńjìnnì mìíràn tàbí kó tà á kó tó kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí Dádì gbọ́, kò tilẹ̀ ro ó lẹ́ẹ̀mejì.

“Màá sọ fún Alhaji kó wá wò ó,” ló wí lórí fóònù. Alhaji ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ra ọkọ̀ àtijọ́ kó ránṣẹ́ sí Èkó. “Ohun tó bá fún ọ, gbà á.”

“Kí ni màá wá máa fi gbé oúnjẹ?”

“O lè wọ taxi.”

“Pẹ̀lú ìkòkò?”

Dádì ní òun ń bọ̀ láìpẹ́, pé kò ní sí ìdí láti máa ta oúnjẹ mọ́ tí òun bá dé. Káàdì tán. Mọ́mì gbé fóònù sílẹ̀, ó lọ da ẹ̀wà sórí atẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá àgbà tẹ̀lé e sọ̀kalẹ̀. Ó wọ súwẹ́tà Dádì sórí ìró, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní kó tan án. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí ariwo fi lọ, ó pa ojú dé.

“Kò tíì kú,” ó wí. “Ẹ̀rọ tó bá ké láàárọ̀ tó sì dákẹ́, ebi ló ń pa á. Èyí tó bá ké di ọ̀sán, ikú ló ń pè é.”

“Ebi kí ni, mà?”

“Ebi ọ́ìlì. Ọ́ìlì rẹ̀ ti ṣàn jù. Lọ ra èyí tó ki.”

Mọ́mì ra èyí tó ki. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n tan ọkọ̀ náà lẹ́yìn rẹ̀, ariwo náà pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn èèyàn sì yọjú lójú fèrèsé. Ó gbé gálọ́ọ̀nù òfìfo náà wálé, ó gbé e sórí tábìlì níbi tí Ìyá àgbà ti ń mu ògì, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìyá àgbà wo gálọ́ọ̀nù náà títí. “Ẹ̀rọ tèmi yàtọ̀ sí èyí,” ló wí níkẹyìn.

Bùròdá Wálé ló dárúkọ fílítà. Ọ̀kan lára àwọn tó ń gbé pálọ̀ ni, ó ń ṣe security ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Al Rigga, ó sì máa ń bá àwọn onítáksì tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà sọ̀rọ̀. Fílítà ni agolo kékeré tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ń gba inú rẹ̀ kọjá kó lè fi ìdọ̀tí sílẹ̀ níbẹ̀. “Àǹtí,” ó wí, “ẹni kan sọ fún mi pé ọkọ̀ òun náà máa ń ké bẹ́ẹ̀, pé nígbà tóun pààrọ̀ fílítà ló dákẹ́. Ẹ ra èyí tó tóbi o. Bó bá ṣe tóbi tó ló ṣe dára tó.” Mọ́mì ní ọjọ́ Alhaji ti sún mọ́lé. Ọjọ́ Jímọ̀ ló ní òun ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun. Lọ́jọ́bọ̀, bí mo ṣe ti ilé ìwé dé, Mọ́mì ní kí n má bọ́ yúnífọ́ọ̀mù, ó ní kí Ìyá àgbà náà wọ bàtà. Àwa mẹ́ta la lọ sí Sharjah.

Àdúgbò tí wọ́n ti ń ta páàtì ọkọ̀ níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù lo máa ń rí títí ojú á fi rẹ̀ ọ́, gbogbo wọn ló sì ń rùn bíi rọ́bà tuntun. Mọ́mì wọ èyí tí èrò ò pọ̀ sí. Ẹni tó ń tajà níbẹ̀ jẹ́ ará Kerala, àjèjì bíi tiwa, ó sanra díẹ̀, ó ń mu tíì nínú kọ́ọ̀pù pélébé. Ó bi í ní irú ọkọ̀ tó jẹ́, ó lọ sẹ́yìn, ó sì kó fílítà wá sórí káńtà. Lójú mi, agolo ni gbogbo wọn. Bí wọ́n bá ní kí n yàn, èyí tó pupa ni ǹ bá mú.

Mọ́mì mú èyí tó tóbi, tí Bùròdá Wálé wí. Ọkùnrin náà mi orí. Ó ní ẹnu rẹ̀ bá ẹnu ẹ́ńjìnnì náà mu lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó gùn, irin tó wà nísàlẹ̀ á máa gbá a, ọjọ́ tó bá lu lójú ọ̀nà ni yóò mọ̀. Ó wá bi Mọ́mì léèrè ìgbà tí ariwo náà ń wáyé, Mọ́mì sì sọ fún un pé àárọ̀ ni, pé tí ọkọ̀ bá ti sùn. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. “Accha,” ló wí, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ti yé. Ó dojú fílítà kan dé, ó fi ìka tọ́ka sí àwọn ihò tó yí ẹnu rẹ̀ ká. Nínú ihò yẹn, ó ní ó yẹ kí awọ rọ́bà kan wà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ọ́ìlì á ti rọ́bà náà, á wọlé. Bí ẹ́ńjìnnì bá sùn, rọ́bà náà á pa ihò dé, kí ọ́ìlì má bàa ṣàn padà sísàlẹ̀. Èyí tí rọ́bà rẹ̀ ò bá dára, gbogbo ọ́ìlì inú rẹ̀ ló máa ń ṣàn lọ mọ́jú, tó bá wá di àárọ̀, irin á máa lu irin kí ọ́ìlì tó gòkè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ́ńjìnnì tuntun lè mú un mọ́ra. Èyí tó ti dàgbà ò lè mú un mọ́ra.

Mọ́mì túmọ̀ rẹ̀ fún Ìyá àgbà. Ìyá àgbà gbọ́ ọ dáadáa, ó ní, “Bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa omi. Tí o ò bá bu omi sí i lórí, á kàn máa pariwo lásán ni.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ẹ ò rí i pé ebi ni.”

Mẹ́ta ló kù lórí káńtà. Mọ́mì ti ìka bọ inú ihò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ fúyẹ́, kò sì sí rọ́bà kankan nínú rẹ̀. Ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èkejì ní rọ́bà dúdú. Ẹ̀kẹta ní rọ́bà aláwọ̀ ọsàn, Mọ́mì tẹ̀ ẹ́, ó sì fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ etí ara rẹ̀ láti fi rírọ̀ wọn wéra, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó kó méjèèjì fún Ìyá àgbà. “Màámi, ẹ bá mi fọwọ́ kàn án wò.”

Ìyá àgbà tẹ̀ wọ́n. Ó gbé èyí tó dúdú sókè. “Èyí le. Ohun tó bá le ló máa ń pẹ́.”

Mo rí Mọ́mì tó ń wo fílítà méjèèjì bíi pé ó fẹ́ sọ “Ẹ ṣé, mà.” Ó wá ní, “Ẹ má bínú, mà. Ooru ìlú yìí pọ̀. Èyí tó le nísinsìnyí, á sán tó bá yá. Èyí tó rọ̀ ni mo mú.” Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ tó sọ pé rárá fún ìyá ọkọ rẹ̀ nìyẹn. Ìyá àgbà gbé fílítà dúdú náà padà sórí káńtà, ó sì tún gèlè rẹ̀ wé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tú.

Kí a tó kúrò, ọkùnrin Kerala náà sọ ohun kan sí i. Ó ní fílítà tuntun kì í jí òkú. Ó ní kí Mọ́mì gbé fílítà àtijọ́ náà lọ sílé, kó rẹ́ ẹ, kó tẹ́ bébà inú rẹ̀ sójú oòrùn. Bó bá rí irin wẹ́wẹ́ tó ń dán nínú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì náà ti ń jẹ ara rẹ̀, kó yára tà á. Bí kò bá rí i, kó máa wà á lọ. Mẹkáníìkì tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù náà yọ ti àtijọ́, ó fi tuntun síbẹ̀, ó da ọ́ìlì mìíràn sí i. Wọ́n di agolo àtijọ́ sínú ọ̀rá, èmi ni mo gbé e lé itan.

A ò tíì dé ibi tí Sharjah pin sí nígbà tí Ìyá àgbà sọ láti ẹ̀yìn pé, “Kí ló ń jóná?” Mọ́mì ní àwọn ọkọ̀ ńlá ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má tíì parí ọ̀rọ̀ nígbà tí iná pupa kékeré kan tàn níwájú rẹ̀. Mi ò mọ ohun tí iná náà túmọ̀ sí. Mọ́mì mọ̀. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ó pa ẹ́ńjìnnì náà bí a ṣe ń yí lọ, ó sì fi agbára gbé ọkọ̀ náà bọ́ sẹ́bàá ọ̀nà, tí gbogbo èèyàn ń fun hóònù lẹ́yìn wa. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, ọ́ìlì ń kán bí ẹni pé wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi. Ó pe nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù tó wà lára páálí fílítà náà, ó ṣàlàyé, lẹ́yìn náà ó jókòó sórí òkúta etí títì. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ọ́ìlì sì fa ìlà dúdú sí i lẹ́rẹ̀kẹ́.

Mo rò pé Ìyá àgbà máa sọ̀rọ̀ nípa rọ́bà dúdú. Kò sọ ọ́. Ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó nà án lókè orí Mọ́mì bí ibòji, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lókè, tí àwọn ọkọ̀ ń kọjá fìì, fìì.

“Ẹ jókòó, mà. Ó máa rẹ̀ yín.”

“Kò rẹ̀ mí.” Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, “Ẹ̀rọ méjì ni mo ní láyé mi. O mọ ìkejì. Àkọ́kọ́, èmi ni mo fi owó èso tí mo tà rà á. Mo lọ bímọ ní ọsibítù, bí mo ṣe gbé ọmọ délé, ṣọ́ọ̀bù ti ṣófo. Bàbá wọn ti tà á. Ó ní ó ń dún jù, pé kò ní pẹ́ bàjẹ́.” Ó sún ìborùn náà bí oòrùn ṣe sún. “Ọkọ rẹ lọmọ tí mo gbé dání.”

Mọ́mì gbé ojú sókè wò ó. Lẹ́yìn náà ni mẹkáníìkì iwájú ṣọ́ọ̀bù náà dé. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó sì jáde pẹ̀lú òrùka rọ́bà pẹlẹbẹ kan lọ́wọ́. Ti fílítà àtijọ́ ni. Ó ti lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì nígbà tí wọ́n ń yọ agolo, wọ́n sì gbé tuntun lé e lórí, òrùka méjì ò sì lè di ẹnu kan pa. Ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń pe Mọ́mì ní sister. Ó ní ohun tó gba ẹ́ńjìnnì náà là ni pé ó tètè pa á. Ó nu ibẹ̀ mọ́, ó dè é padà, ó da ọ́ìlì sí i. “Yalla, ẹ máa lọ,” ó wí, a sì wà á délé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, Bùròdá Wálé yá ayùn irin lọ́wọ́ ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé, ó sì rẹ́ fílítà àtijọ́ náà ní bálíkónì. Mọ́mì fa bébà inú rẹ̀ jáde. Ó ká wọ́lọ́wọ́lọ́ bíi ti àkọ́díọ́nì, ó dúdú bí èédú, ó sì gùn ju bí mo ṣe rò lọ nígbà tó tẹ́ ẹ sórí ìwé ìròyìn. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí i. Mọ́mì ń tẹ̀ ẹ́, ó ń yà á, ìṣẹ́po kan lẹ́yìn òmíràn. Ọ́ìlì ni, dúdú lásán. Lójijì, ní etí kan, ohun kan dán.

Bùròdá Wálé yí ojú sí ibòmíràn. Mọ́mì ò gbé ọwọ́ rẹ̀, ó kàn ń wò ó. Ìyá àgbà ló fi ìka méjì mú un, ó gbé e sójú oòrùn, ó tún rà á láàárín ìka. “Ara agolo ni,” ó wí. “Ayùn ló gé e. Ẹ wò ó, ó ní ọ̀dà pupa lẹ́yìn.” A wò ó. Ọ̀dà wà lẹ́yìn rẹ̀. Mọ́mì dìde, ó lọ yọ mágnẹ́ẹ̀tì oníràkúnmí tó wà lára fíríìjì, ó fi tọ́ gbogbo bébà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyẹn náà ò mú nǹkan kan bọ̀. Ó wá mú rọ́bà inú agolo náà, ó fẹ́ ṣẹ́ ẹ po, ó sì dá sí méjì lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ́, bíi bísíkíìtì.

Títí di ìgbà yẹn, a ò tíì tan ọkọ̀ náà láti ìrọ̀lẹ́ àná. Mọ́mì ò fẹ́. Mo rò pé ó ń bẹ̀rù ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní iṣẹ́ ń bẹ nílé ìdáná. Nígbà tí Alhaji dé lẹ́yìn ìrun, tòun ti jalamía funfun àti lọ́fínńdà, ọkọ̀ náà ti sùn mọ́jú, ó sì ti sùn di ọ̀sán. Ó kí Ìyá àgbà, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Ìyàwó wa, ẹ tan án ká gbọ́ ọ.”

Mọ́mì wọlé, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì náà jí wùù. Kò sí ohun mìíràn. Mo gbọ́ ẹyẹlé lórí ilé.

Alhaji yí orí. “Ẹ pa á. Ẹ tún un tàn.” Mọ́mì pa á, ó tún un tàn. Ọkùnrin náà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́, ó dìde, ó sì gbọn jalamía rẹ̀. “Fẹ́mi sọ fún mi pé ó ń pariwo.” Ó mú fóònù jáde. Ó bá Dádì sọ̀rọ̀ níwájú wa. Ó ní òun ń gbé e lọ lónìí, pé ó dára ju bóun ṣe rò lọ. Ó na fóònù sí Mọ́mì kí Dádì lè sọ fún un fúnra rẹ̀. A gbọ́ ohùn Dádì kedere, ó ń yọ̀. “Ṣé o rí i? Kó kọ́kọ́rọ́ fún un.”

“Mi ò fẹ́ tà á mọ́,” Mọ́mì wí.

“Báwo? Orúkọ ta ló wà lórí ìwé ọkọ̀?”

Mọ́mì di kọ́kọ́rọ́ náà mú. Ìyá àgbà na ọwọ́, ó gba fóònù náà. Kò mọ̀ pé kò yẹ kéèyàn pariwo sínú fóònù. Gbogbo àwọn tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ ló gbọ́ ọ.

“Olúfẹ́mi. Ọkọ̀ yìí ò sí fún títà.”

“Màámi, ẹ ò mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn—”

“Mo mọ̀ ọ́n. Ó ṣojú mi nígbà tí wọ́n tún un ṣe. Bàbá rẹ ta tèmi nígbà tí mò ń bí ọ. O ò ní ta ti ìyàwó rẹ. Ṣé o gbọ́ mi?”

Dádì ní, “Mo gbọ́ yín, mà. Ẹ gbé e fún Alhaji.” Ohun tó sọ fún Alhaji, a ò gbọ́ ọ. Alhaji kàn ń sọ pé “Ó ti yé mi, ó ti yé mi,” ó sì kí Ìyá àgbà kó tó lọ. Mọ́mì ò dúpẹ́ níwájú èrò. Lọ́jọ́ náà ó bu ọbẹ̀, ó gbé e síwájú Ìyá àgbà, ó fi iyọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá àgbà ò fọwọ́ kan iyọ̀ náà.

Dádì dé kí ọdún tó parí. Kọ̀ǹténà ti bọ́ nígbà yẹn, kì í ṣe gbogbo ohun inú rẹ̀. Ó wa ọkọ̀ náà bíi ti tẹ́lẹ̀, kò sọ ọ̀rọ̀ títà mọ́, Mọ́mì sì ń ta oúnjẹ rẹ̀ lọ. Dádì wá sọ fún mi nígbà tí mo ti dàgbà pé òun ò mọ̀ nípa ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ìyá òun títí di ọjọ́ yẹn. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ará ibòmíràn.

Ṣùgbọ́n kó tó dé, visa Ìyá àgbà ti fẹ́ parí. Lọ́sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, a gbé oúnjẹ lọ sí Muwaileh. Ibẹ̀ ò tíì rí bó ṣe rí báyìí. Mò ń gbé ibẹ̀ lónìí, ilé dí ojú oòrùn, èèyàn ò sì rí ibi gbé ọkọ̀ sí. Nígbà yẹn, o kọjá ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀, yanrìn ló kù. Bí a ṣe pín oúnjẹ tán tí a ń padà bọ̀, Ìyá àgbà ní, “Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ṣé ó le ni?”

“Kí ni, mà?”

“Ọkọ̀ wíwà.”

Mọ́mì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó wo ojú rẹ̀ nínú dígí, ó sì yà kúrò lójú títì bọ́ sórí yanrìn líle kan tí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ó dúró. Ó sọ̀kalẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún Ìyá àgbà, ó mú un wá síwájú, ó fi hàn án èyí tí ń mú un lọ àti èyí tí ń dá a dúró. Ìyá àgbà bọ́ bàtà. Ó ní òun ò lè fi bàtà mọ ohun tí ẹ̀rọ ń sọ. Ọkọ̀ náà fò síwájú lẹ́ẹ̀kan, mo sì kígbe. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ jẹ́jẹ́, ó ń lọ bí ẹni tó ń rìn, ó yí po, ó tún yí po. Ìyá àgbà ò wo ẹ̀gbẹ́, kò rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ le bí ẹni tó ń bu ata sínú ẹ̀rọ. Èmi nìkan ni mo wà lẹ́yìn, mo sì rí àwọn méjèèjì. Láti ìgbà tí Dádì ti lọ, mi ò tíì rí Mọ́mì níbi tí iṣẹ́ kankan ò ti sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́, ó gbé orí lé ẹ̀yìn àga, ó ká ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó sì jẹ́ kí ìyá ọkọ rẹ̀ máa gbé e lọ.